Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Iṣẹ́ Òòjọ́ Wa ní Abẹ́òkúta, Tí Ó Ń Ba Ìlera Wa Jẹ́

Bí ẹ bá pàdé aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, ẹ wo èékánná rẹ̀. Aró ti wọ̀ ọ́ débi pé ọṣẹ kò ràn án mọ́. Àwa tí a dàgbà nínú agbo ilé aláró máa ń fi èyí yangàn, torí àmì iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bó, tó ń yúnni lóru, tó sì ń sán bí ilẹ̀ ọ̀dá, ìyẹn kì í ṣe àmì iṣẹ́. Àìsàn ni. Àṣìṣe tó ju gbogbo àṣìṣe lọ ni pé a ti pa méjèèjì pọ̀. Ohunkóhun tí iṣẹ́ bá fi ara wa ṣe, a ó ní, "Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn."

Ẹ má da omi lé sódà

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ. Lónìí, sódà (kọ́sítíìkì sódà tó ń jó ara, kì í ṣe ti oúnjẹ) àti háídírò (kẹ́míkà oníyẹ̀fun tí à ń pò mọ́ aró) ló wà nídìí aró wa, wọ́n sì ń mú iṣẹ́ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sódà kì í ṣe ẹgbẹ́ omi eérú. Bí a bá da omi lé e lórí, yóò gbóná lójijì, yóò hó, yóò sì ta. Omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike, kí a wá máa bu sódà sí i díẹ̀díẹ̀, kí a fi igi gígùn rò ó, kí a sì gbé ojú kúrò lórí rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe é lódìkejì. Ó ti bu sódà sínú abọ́, ló bá da omi lé e. Ó dún ṣàà bí ìgbà tí ata tútù bọ́ sínú epo gbígbóná, ó sì ta sí i lọ́rùn àti létí. Kí n tó dìde, ẹnìkan ti sáré gbé epo pupa dé, wọ́n sì fi pa á lọ́rùn. Epo kì í fọ sódà kúrò. Ńṣe ló ń jẹ ẹran ara lọ lábẹ́ epo náà. Àpá ọ̀hún wà lọ́rùn rẹ̀ dòní. Kò sí ẹni tó ro ibi sí i nínú wa. A ò mọ̀ ni.

Kì í ṣe epo, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́. Omi tútù tó mọ́ ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí a bọ́ aṣọ tó ti kàn án, kí a sì gbéra lọ sí ọsibítù. Bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, ẹ má ṣe dúró ro ó lẹ́ẹ̀mejì, torí sódà lè fọ́ ojú.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó ti lu náà burú ju ọwọ́ lásán lọ, nítorí omi sódà á há sínú rẹ̀, á sì máa jẹ awọ ara títí iṣẹ́ fi parí. Háídírò ní tirẹ̀, ibi gbígbẹ ni kó wà. Bí omi díẹ̀ bá kán sí i, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.

Mílíìkì kò fọ ẹ̀dọ̀fóró

Abẹ́ òkúta là ń gbé, òkúta náà sì ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wa. Àwọn tó ń fọ́ òkúta máa ń ra mílíìkì mu nírọ̀lẹ́, wọ́n ní ó ń fọ eruku kúrò. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni eruku ń lọ. Ọ̀nà wọn ò pàdé. Eruku tó kúnná jù, tí ojú ò rí, ló ń dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí oògùn tó ń yọ àpá náà. Ó tún ń jẹ́ kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè múni. Gèlè tí a fi di imú kò tó. Ẹ fi omi rin òkúta kí ẹ tó fọ́ ọ.

Oògùn ìrora kì í ṣe ìsinmi

Ìlú wa níbí ni Jacob Odulate ti ṣe Alábùkún, bí ará ilé la sì ṣe ń wò ó. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n kìlógíráàmù 50, tó sì ń lo aspirin láràárọ̀ lórí inú òfìfo, ń wá ọgbẹ́ inú. Àwọn aránṣọ ní tiwọn a ní jẹ̀dí ló ń dà wọ́n lẹ́yìn rú, wọ́n á sì máa mu àgbo, nígbà tó jẹ́ pé àga tí kò ga tó ló ń dùn wọ́n. Ẹ fi tìmùtìmù gbé e sókè, kí ẹ sì máa dìde nàró.

Ẹ má fi ọgbẹ́ pamọ́

Òfin ọdún 2010 lórí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó fara pa fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ fún ọ̀gá yín, ó sì ká àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ń fi ìtìjú jẹ ọjọ́ wọ̀nyí tán. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ fi fóònù ya ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, kí ọjọ́ àti aago lè wà lórí rẹ̀.