Ẹ má fi ojú Lọ́ńdọ̀nù wo Ludlow: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìmúra ìrìn àjò sí ìlú kékeré ní ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ludlow wà ní Shropshire, ní apá ìwọ̀ oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jìnnà sí ààlà Wales. Èèyàn bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló ń gbé ibẹ̀. Síbẹ̀ ó ní ilé olódi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti ìparí ọ̀rúndún kọkànlá, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì St Laurence tí ilé gogoro rẹ̀ ga tó mítà 41, ó sì ní ọjà gbangba tí wọ́n ń ná lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi náà. Nínú ilé olódi yìí ni Arthur, àkọ́bí Ọba Henry Keje, kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1502, ikú tó sọ àbúrò rẹ̀ di àrólé. Àbúrò náà ló wá di Henry Kẹjọ. Ìlú tó yẹ kí èèyàn dé ni.

Ohun tó ń ba ìrìn àjò ibẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àlejò ni aago. Wọ́n á mú ibi tí wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ tán ni wọ́n tó mọ̀ pé ọjà kò tà lónìí, pé ilé ìdáná ti kógbá, pé bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ. Nǹkan wọ̀nyí máa ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìlú tó tó Ludlow, láti Cotswolds títí dé Yorkshire.

Lílọ bíbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lọ tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Ludlow. Ẹ ó wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Euston ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ sọ̀ ní Crewe, tàbí kí ẹ wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Paddington kí ẹ sọ̀ ní Newport, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Transport for Wales tó ń gba Ludlow kọjá. Gbogbo rẹ̀ á gbà yín tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó sì padà lọ́jọ́ kan náà á lo wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọkọ̀ àti ní ibùdókọ̀. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kí lẹ fẹ́ rí? Ẹ sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì. Ó kéré tán, ẹ sùn lálẹ́ kan.

Láti orí bíbọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn tó kúrò ní Ludlow lálẹ́ lè má bá ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kankan mọ́ ní Crewe tàbí ní Newport. Èyí tó kẹ́yìn tó ṣì lè gbé yín délé ti máa ń lọ ṣáájú rẹ̀ dáadáa. Ẹ wá wákàtí ọkọ̀ yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn. Ẹ kọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó ń kọjá ní Ludlow tó wákàtí kan sí ara wọn, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ ìlú tún ń tan èèyàn jẹ. Newport tí a ń sọ yìí, ti Wales ni. Newport mìíràn wà ní Shropshire níbẹ̀ gan-an, àmọ́ kò ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ashford Carbonell kò jìnnà sí Ludlow rárá, bẹ́ẹ̀ Ashford tí gbogbo èèyàn mọ̀, Kent ló wà. Bí ẹ bá ń tẹ àdírẹ́sì sínú ẹ̀rọ atọ́nà, postcode, ìyẹn àmì lẹ́tà àti nọ́ńbà àdúgbò, ni kí ẹ tẹ̀. Ti Ludlow bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SY8. Bí ẹ bá sì gba Hereford bọ̀, ibùdókọ̀ tó ṣáájú Ludlow ni Leominster. Ẹ má retí pé wọ́n á pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́. "Lẹ́mstà" ni wọ́n ń pè é.

Gbígbọ́kàn lé káàdì Lọ́ńdọ̀nù

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn wa tó ń gbé Peckham, Woolwich àti àyíká wọn. Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ṣiṣẹ́ dé Shropshire. Bí ẹ bá fi Oyster tàbí káàdì báńkì kan ẹnu géètì, ẹ ò tíì ní tíkẹ́ẹ̀tì dé Ludlow, owó ìtanràn ló sì kù. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì gidi.

Fún àwọn àgbàlagbà: Freedom Pass, káàdì ìrìnnà ọ̀fẹ́ àwọn àgbàlagbà Lọ́ńdọ̀nù, tó bá ní àmì òdòdó rósì ṣeé lò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì àdúgbò káàkiri Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, àti ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Kò kan ọkọ̀ ojú irin tó jáde kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Káàdì 60+ ti Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀, àbúrò Freedom Pass lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò ṣiṣẹ́ rárá nínú bọ́ọ̀sì Shropshire. Ẹ bá màmá tàbí bàbá yín wo káàdì wọn dáadáa kí wọ́n tó jáde nílé.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Advance ló máa ń wọ́n kéré jù, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú. Ọkọ̀ kan pàtó ló wà fún. Bí ẹ bá tètè dé ibùdókọ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ ó sanwó tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló pẹ́ tí ẹ kò fi bá ìkejì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wọ èyí tó kàn, ẹ kàn sọ fún òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í sanwó, ọmọ ọdún 5 sí 15 ń san ìdajì. Ọ̀rẹ́ méjì tàbí tọkọtaya tó ní Two Together Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin fún èèyàn méjì, ń rí ìdá kan nínú mẹ́ta gbà padà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀, wọn kò sì lè lò ó ṣáájú aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Yíyan ọjọ́ láìwo ohun tó ṣí

Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjà Ludlow máa ń ná. Ẹni tó bá débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lè bá ojúde náà ní òfìfo. Ní àwọn ìlú kékeré mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni ọjà ń ná: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Moreton-in-Marsh ní Cotswolds. Kí ẹ tó sọ pé "òpin ọ̀sẹ̀ ló rọ̀ wá lọ́rùn", ẹ wo ọjọ́ ọjà.

Lọ́jọ́ Àìkú, òfin kò jẹ́ kí ilé ìtajà ńlá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ju wákàtí mẹ́fà lọ, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra oúnjẹ sínú ilé tó háyà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kó rà á.

Stokesay Castle, tí Lawrence ará Ludlow, oníṣòwò irun àgùntàn, kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, wà ní bí máìlì kan sí ibùdókọ̀ Craven Arms, ibùdókọ̀ tó kàn sí Ludlow lápá àríwá. Ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ló ń mójú tó o, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí nígbà òtútù kò pọ̀ tó ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ojú òpó wọn fún ọjọ́ náà gan-an.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ni àjọ̀dún oúnjẹ Ludlow máa ń wáyé nínú ilé olódi, láti ọdún 1995 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe nítorí rẹ̀ lẹ ṣe ń lọ, ẹ sá fún òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí yàrá máa ń tán.

Ríronú pé oúnjẹ kò ní tán

Ilé ìdáná pub, ìyẹn ilé ọtí, ní ìgbèríko máa ń dáná oúnjẹ ọ̀sán láti aago méjìlá sí méjì tàbí méjì àbọ̀, á tì, á tún ṣí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó dé ní aago mẹ́ta á rí ọtí, á rí ìpápánu, kò ní rí oúnjẹ gbígbóná. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n máa ń dáná ẹran yíyan àti ànàmọ́ òyìnbó títí di bí aago mẹ́rin, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì dáná mọ́ lálẹ́. Lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, àwọn ilé oúnjẹ kan kì í ṣí rárá. Ilé kọfí máa ń kógbá ní aago mẹ́rin àbọ̀ sí márùn-ún.

A fẹ́ràn àtirìn pọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mẹ́wàá já lu pub tó ní tábìlì mẹ́jọ láìsọtẹ́lẹ̀, ebi ni wọ́n ń wá. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ sọ iye yín, ẹ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Ẹ mú ata gígún díẹ̀ sápò bí ó bá wù yín. Kò sí ẹni tó máa bínú.

Ilé tí ẹ kò béèrè nípa àtẹ̀gùn rẹ̀

Àwọn ilé onígi àtijọ́ Ludlow rẹwà lójú àwòrán. Àtẹ̀gùn wọn há, ó dúró ṣánṣán, kò sí lífìtì, òpó àjà sì rẹlẹ̀ tó fi lè gbá orí ẹni tó ga. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn dání, ẹ béèrè yàrá ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá. Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ yín máa sùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé kì í gba ẹni tó fẹ́ sun alẹ́ kan péré. Bí ilé bá wà fún èèyàn mẹ́rin, ẹ má kó mẹ́fà lọ pẹ̀lú èrò pé ẹ ó tẹ́ni sílẹ̀. Iye yẹn kan ètò ààbò lọ́wọ́ iná àti ìbánigbófò ilé náà.

Wíwakọ̀ bí ẹni wà ní ọ̀nà Ìbàdàn

Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní ọ̀tún. Òsì ni ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀ lè fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà tó ṣì wúlò wakọ̀ kékeré fún oṣù 12, àmọ́ kó má ṣe jẹ́ ọ̀nà tóóró ìgbèríko ni yóò ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀.

Òfin ní èèyàn kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 60 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà ìgbèríko tí kò ní ìdènà láàárín tó ya àlọ àti àbọ̀ sọ́tọ̀. Iye yẹn ni òpin. Òfin kò ní kí ẹ sá a. Ní ọ̀nà tí igi ọgbà dí lọ́tùn-ún lósì, tí tírakitọ̀ lè yọ ní kọ̀rọ̀, 20 tàbí 25 ló bójú mu. Bí ọ̀nà kò bá gbà ju ọkọ̀ kan lọ, ẹ ó rí ibi tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìyàgò. Bó bá wà lósì yín, ẹ yà síbẹ̀. Bó bá wà lọ́tùn-ún, ẹ dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ yà síbẹ̀. Ẹ má gbọ́kọ̀ síbẹ̀ láti ya fọ́tò.

Fífi bàtà ìlú rin pápá

Ìrìn ẹsẹ̀ ni adùn ìgbèríko náà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń dunni jù. Àmì ọfà aláwọ̀ òféèfèé ni ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, aláwọ̀ búlúù wà fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀nà wọ̀nyí gba inú oko olóko kọjá, òfin sì fún yín láyè láti kọjá, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà náà nìkan. Géètì tí ẹ bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tó bá ṣí sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé àgbẹ̀ fẹ́ kí àgùntàn rẹ̀ rí omi mu.

Ẹ má gba àárín màlúù àti ọmọ rẹ̀ kọjá. Ẹ yà fún wọn jìnnà, ẹ má sáré. Bí ẹ bá ní ajá lọ́wọ́ tí màlúù sì gbá tọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́ okùn ajá. Ajá ni wọ́n ń lé, á sì sá lọ. Ewéko kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń jóni bí èsìsì ilé wa, nítorí náà ṣòkòtò gígùn ló yẹ. Kó má jẹ́ jíǹsì: bó bá tutù, á wúwo, kò sì ní gbẹ. Eégbọn máa ń wà nínú koríko gíga, àwọn kan nínú wọn sì ń kó àrùn Lyme ranni, ẹ yẹ ẹsẹ̀ ara yín wò lálẹ́.

Fún ìṣirò àkókò, wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kún un fún gbogbo mítà 100 tí ẹ bá gùn. Kìlómítà 8 pẹ̀lú òkè mítà 300 á jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, láìka ìsinmi. Ẹni tí kò bá rìn tẹ́lẹ̀, kó ṣírò rẹ̀ sí mẹ́ta. Máàpù OS Explorer 203 ló bo àyíká Ludlow, sẹ̀ǹtímítà 4 lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan. Ẹ rà á, tàbí kí ẹ ti fa máàpù sórí fóònù nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sọnù láàárín òkè. Bí ẹ kò bá fẹ́ rìn jìnnà, ẹ gba afárá Dinham sọdá odò Teme, kí ẹ gun Whitcliffe. Láàárín ìṣẹ́jú 20 ẹ ó dúró sí ibi tí gbogbo ilé olódi náà ti hàn kedere. Bí ẹ bá sì pàdé èèyàn lójú ọ̀nà, ẹ kí i. Wọ́n ń kíra wọn níbẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́ kọjá ni wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpadàbọ̀ ọjọ́ Àìkú

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, tí wọ́n á fi bọ́ọ̀sì rọ́pò ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì abúlé kì í sì ṣiṣẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Takisí kò pọ̀ níbẹ̀, ẹ má retí pé ẹ ó fi áàpù pè é kó dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ bá awakọ̀ àdúgbò ṣàdéhùn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ yẹ ìrìn àjò yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i lójú òpó National Rail ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àti ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà.