Bí mo ṣe rí ìdí tí géèjì igbóná Golf 3 mi fi ń lọ sókè sódò

Golf 3 ni mò ń wà, ti ọdún 1996, ẹ́ńjìnnì 1.8, Kubwa sí Garki lójoojúmọ́, òun náà ló ń gbé èmi àti ìdílé mi lọ Ìlọrin tí ọdún bá dé. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí oòrùn Abuja ò ṣe é dúró sí. Tí mo bá ń sáré bọ̀ lórí ẹ̀sípíréèsì Kubwa, abẹ́rẹ́ géèjì á lọ sílẹ̀ pátápátá bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n tí mo bá ti kó sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ní Berger báyìí, á gbéra, á forí lé pupa, kí n tó ríbi páàkì á tún ti já wálẹ̀. Nígbà míì láàárín ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹ̀. Èèyàn ò ní mọ̀ bóyá kóun dúró ni àbí kóun máa lọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní rédíétọ̀ ló dí, ó fọ̀ ọ́, mo sanwó, nǹkan kan ò yí padà. Ẹnì kejì ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀, pé ká tú ẹ́ńjìnnì, owó tó pè tó owó oúnjẹ oṣù méjì nílé mi. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n yọ thermostat, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀ títí á fi gbóná tó, pé ìlú wa gbóná, ta ló ń lo thermostat. Mo bá pinnu pé kọ́bọ̀ kan ò ní kúrò lọ́wọ́ mi mọ́ títí màá fi fi nǹkan wọn ọkọ̀ yìí fúnra mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ẹ́ńjìnnì ló ń gbóná ni àbí géèjì ló ń parọ́, torí ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mo ra gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wọn igbóná, irú èyí tí àwọn tó ń tún ẹ́ésì ṣe ń lò. Èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà ò lè ṣiṣẹ́ yìí o, igbóná ara èèyàn nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kò ju bíi 43°C lọ tó fi máa kọ̀. Ẹ má sì nà án sí irin tó ń dán, irin tó ń dán máa ń jẹ́ kó kà sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Rọ́bà dúdú ni kẹ́ ẹ nà án sí, tàbí kẹ́ ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ irin yẹn kẹ́ ẹ tó wọn ọ́n.

Lówùúrọ̀ sátidé, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo ṣí ìdérí ike omi rédíétọ̀. (Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná, omi yẹn máa fò mọ́ yín lójú ni, ó sì ti bó ojú ẹlòmíì.) Omi ti lọ sí ìsàlẹ̀ àmì tó kéré jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀ níbi tí mò ń páàkì sí. Mo bu omi sí i, mo fi bírò fa ìlà sára ike níbi tó dé, mo wá sítáàtì ọkọ̀.

Nígbà tó yá mo na gọ́ọ̀nù sí họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ àti ti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbóná bọ̀ láti 40 lọ sókè ni. Ó yà mí lẹ́nu, torí tí thermostat bá wà níbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù títí omi inú ẹ́ńjìnnì á fi dé bíi 87, kó tó wá ṣílẹ̀kùn. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti yọ ọ́ tipẹ́, bóyá kí n tó ra ọkọ̀ náà pàápàá. Èyí ló ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀ lórí ẹ̀sípíréèsì, atẹ́gùn ń fẹ́ sí rédíétọ̀, omi sì ń yí láìdúró, ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó bó ṣe yẹ, ó sì ń mu epo jù.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣàlàyé bó ṣe ń fò lọ sí pupa. Mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, mò ń wo abẹ́rẹ́ mò ń wọn. Lẹ́ẹ̀kan abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa, gọ́ọ̀nù ní 93. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀ abẹ́rẹ́ já wálẹ̀, mo na gọ́ọ̀nù, 102! Ibi tó yẹ kẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn, ìgbà tí géèjì ní ọkọ̀ tutù ni ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù.

Géèjì epo ò mì rárá ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo wò ó torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ iná kan náà ló ń lọ sí géèjì méjèèjì, tí wọ́n bá jọ ń jó, dáṣíbọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún rẹ̀wáyà. Fáànù ńkọ́? Mo yọ ojú wáyà suwíìṣì ẹ̀ lára rédíétọ̀, mo fi wáyà kékeré so ó pọ̀, ó fẹ́. Ti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ìfófòó tó ń hó jáde nínú ike omi, ọ́ìlì ò rí bíi tíì oní mílíìkì, èéfín funfun ò sí, họ́ọ̀sì ò sì le gbandi ní kété tí mo sítáàtì. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ó wá ku ibo ni omi ń gbà lọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù àti dígí kékeré wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ike dúdú kan wà níbẹ̀ tí họ́ọ̀sì òkè ti jáde, inú ẹ̀ náà ni sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn igbóná omi fún géèjì jókòó sí. Lábẹ́ ẹ̀ mo rí nǹkan funfun tó gbẹ mọ́ irin, gẹ́gẹ́ bí èyí tí omi bọ́ọ̀hóò wa ní Kubwa máa ń fi sísàlẹ̀ kẹ́tùrù. Ike yẹn ti sán, irun orí ò tín-ín-rín tó o! Tí ó bá gbóná, omi á rọra yọ níbẹ̀, irin gbígbóná á sì gbẹ ẹ́ kó tó kán sílẹ̀. Tí ó bá wá tutù, á fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn sì ń kóra jọ síbi tí sẹ́ńsọ̀ wà gan-an. Tí sẹ́ńsọ̀ bá wà nínú afẹ́fẹ́, abẹ́rẹ́ á já, tí ooru omi tàbí omi gbígbóná bá tún dédé kọlù ú, á fò sókè.

Mo gbé e lọ sí Apo, sọ́dọ̀ bàbá kan ọmọ Ọ̀fà. Mo ní, "Bàbá, ẹ ẹ̀ ní tú ẹ́ńjìnnì o, ike yìí ni kẹ́ ẹ bá mi pààrọ̀." Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló fi èyí hàn ọ́?" Mo ṣàlàyé bí mo ṣe wọn ọ́n, ó sì ní ká pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú rọ́bà ẹ̀, kí n sì tún ra ìdérí ike omi tuntun, torí omi tí wọ́n bá dé dáadáa máa kọjá 115 kó tó hó, àmọ́ ìdérí tó bá ti kú, bíi 100 náà ni á ti máa hó.

Thermostat tuntun tí mo rà dípò èyí tí wọ́n yọ, mo kọ́kọ́ fi okùn so ó kọ́ sínú omi tí mo gbé kaná nílé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ má gbójú lé páálí. Àkọ́kọ́ tí mo rà ò ṣí títí omi fi hó, mo dá a padà, èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí tẹmọmítà wà ní 86, òun la fi sí i.

A fi omi ṣan inú ẹ̀ títí omi tó ń jáde ò fi pọ́n mọ́, a wá da kúláǹtì sí i, ìdajì ìdajì pẹ̀lú omi distilled tí wọ́n fi ń kún bátìrì, kì í ṣe ásíìdì o. Omi bọ́ọ̀hóò ò tún gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. A ṣí hítà dé òpin kí omi lè dé ibẹ̀ náà, bàbá ń rọra tẹ họ́ọ̀sì òkè, afẹ́fẹ́ ń hó jáde nínú ike, bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ la ń bù sí i. Ó gbà wá ní bíi ogójì ìṣẹ́jú, bàbá ò sì jẹ́ kí n kánjú.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e gun òkè Mpape, èèyàn mẹ́ta nínú ọkọ̀, ẹ́ésì wà lórí. Abẹ́rẹ́ jókòó sáàárín, ẹsẹ̀ kan ò yẹ̀. Mo dúró lókè, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gọ́ọ̀nù ní 91. Lórí ẹ̀sípíréèsì náà, àárín yẹn ló wà.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Àràárọ̀ sátidé ni mo máa ń wo ìlà bírò tí mo tún fà sára ike yẹn, omi ò tíì kúrò lórí ẹ̀.