Bí a ṣe ń dènà àìtó kálísíọ̀mù lára ọmọńlé tí a ń sìn, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Àìtó kálísíọ̀mù, ìyẹn èròjà tó ń mú egungun le, wà lára àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lọ lára ọmọńlé tí a ń sìn nínú àpótí gíláàsì, ó sì wà lára àwọn tó rọrùn jù lọ láti dènà. Leopard gecko ni mo máa gbájú mọ́ níhìn-ín, ìyẹn ọmọńlé alámì tótòtó tó wá láti Pakísítánì, Afganísítánì àti àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, tí àwọn èèyàn sì ń sìn gan-an ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí àìsàn yìí bá ẹran ọ̀sìn rẹ̀ lè sọ pé òun kò fi kálísíọ̀mù dù ú rí, ó sì lè jẹ́ òótọ́, nítorí pé kálísíọ̀mù tó wọ ẹnu kò tíì dé inú egungun. Fítámì D3 àti ooru tó péye ló ń gbé e débẹ̀.

Kòkòrò ni leopard gecko ń jẹ, pàápàá ìrẹ̀, aáyán àti ìdin. Fọsifọ́rọ́ọ̀sì, èròjà mìíràn, tó wà lára ìrẹ̀ pọ̀ ju kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ara ọmọńlé ń fẹ́ ni kí kálísíọ̀mù tó nǹkan bí ìlọ́po méjì fọsifọ́rọ́ọ̀sì. Bí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké kan ní agbègbè ọrùn á tú họ́mónù jáde, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù yọ láti inú egungun, nítorí pé ọkàn àti iṣan kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ tó ń yé ẹyin mọ irú ọ̀ràn yìí: bí wọn kò bá ti fi ìkarahun lílọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, èèpo ẹyin á máa rọ̀, ẹsẹ̀ adìyẹ náà á sì di aláìlágbára. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà àti abo tó ń yé ẹyin ni ewu náà pọ̀ jù fún.

Ẹ máa wo bí ó ṣe ń rìn. Leopard gecko tó lera máa ń gbé ikùn rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀ bó bá ń rìn. Èyí tí egungun rẹ̀ ti ń rọ̀ á máa wọ́ ikùn nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀ tàbí kó wú. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè máa gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń rò pé òtútù ló ń mú un. Nígbà oúnjẹ, á fò mọ́ ìrẹ̀, á tàsé. Bó bá tiẹ̀ bá a, kò ní lè há a mọ́ ẹnu, nítorí pé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ̀. Ẹ má ṣe tẹ àgbọ̀n náà wò fúnra yín. Ó lè kán. Bí eegun ẹ̀yìn tàbí ìrù bá ti wọ́, ọ̀ràn náà ti pẹ́ lára rẹ̀.

Ọmọńlé ara ògiri ilé wa nílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Bí ẹ bá rí abo rẹ̀ tó ní ohun funfun bí ẹfun ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ẹ má ṣe pè é ní àìsàn; àpò tó ń kó kálísíọ̀mù pa mọ́ sí fún èèpo ẹyin rẹ̀ ni.

Ní ti ìdènà, ẹ ra lẹ́búlẹ́bú kálísíọ̀mù (calcium carbonate) tí kò ní fọsifọ́rọ́ọ̀sì nínú. Ẹ da ìwọ̀nba ìrẹ̀ tí ó máa jẹ lẹ́ẹ̀kan sínú ike, ẹ bu ìba díẹ̀ lẹ́búlẹ́bú náà lé wọn lórí, kí ẹ sì rọra mì í títí ara wọn á fi funfun díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ kó wọn fún ọmọńlé, nítorí pé ìrẹ̀ kì í pẹ́ nu ara rẹ̀ mọ́, lẹ́búlẹ́bú náà á sì ṣòfò. Ọmọ kékeré nílò rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá ń jẹun. Fún àgbà, ẹ lè fo ìgbà kan kí ẹ tó tún ṣe é. Ẹ tún bọ́ àwọn ìrẹ̀ náà fúnra wọn dáadáa, ó kéré tán fún wákàtí 24 kí ẹ tó fi wọ́n bọ́ ọmọńlé. Ewé collard tàbí dandelion dára. Àmọ́ spinach kò dára, tẹ̀tẹ̀ tiwa náà kò sì yàtọ̀ sí i, nítorí pé èròjà oxalate inú wọn máa ń so mọ́ kálísíọ̀mù, kì í sì í jẹ́ kó wọ ara.

Ọ̀nà méjì ni D3 ń gbà wọ ara rẹ̀. Èkíní ni iná UVB, ìyẹn iná tó ń tan irú ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kò lè rí, tí awọ ara fi ń ṣe D3 fúnra rẹ̀. Leopard gecko máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí, nítorí náà iná tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú ibi tó lè sá pamọ́ sí. Gíláàsì máa ń dí UVB lọ́nà, torí náà gbígbé àpótí sí ojú fèrèsé kò ṣàǹfààní kankan, ó sì lè gbóná pa ẹran náà. Gílóòbù UVB lè máa tàn yòò nígbà tí UVB inú rẹ̀ ti tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é là sílẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ láàárín oṣù 6 sí 12. Ọ̀nà kejì ni lẹ́búlẹ́bú tó ní D3 nínú, tí àwọn tí kò ní iná UVB sábà máa ń lò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣe lò ó lójoojúmọ́, nítorí pé D3 tó bá pọ̀ jù kì í bá ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ jáde kíákíá. Á máa mú kí kálísíọ̀mù dì sínú kíndìnrín àti iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ooru ni àwọn èèyàn máa ń fojú di jù. Ibi tó gbóná nínú àpótí gbọ́dọ̀ tó 31 sí 33°C lójú ilẹ̀ tó ń dùbúlẹ̀ lé, apá tó tutù sì lè wà ní nǹkan bí 25°C. Bí ooru kò bá tó, oúnjẹ kò ní dà, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ so ohun èlò ooru mọ́ thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú kí ooru wà níwọ̀n, kí ẹ sì wọn ooru náà níbi tí ọmọńlé ń dùbúlẹ̀ sí gan-an. Ara gíláàsì kọ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Iyanrìn tí wọ́n ń polówó pé ó ní kálísíọ̀mù kò yẹ kó wọ inú àpótí náà rárá, lójú tèmi. Ọmọńlé tí kálísíọ̀mù kò tó lára rẹ̀ á máa lá ilẹ̀, iyanrìn á sì dí ìfun rẹ̀ pa.

Bí àwọn àmì àìsàn bá ti yọjú, dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ẹ̀dá afàyàfà ni kí ẹ wá. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tí iṣan rẹ̀ ń fà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ tẹ́ bébà ìnuwọ́ sínú ike kékeré, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé gbogbo ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ má sì gbá a mú níbi ìrù tàbí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe lọ oògùn kálísíọ̀mù ti èèyàn fún un. Ìwọ̀n àgbàlagbà rẹ̀ sábà máa ń kéré sí 100 gíráàmù, ìba díẹ̀ tó bá lé ti tó láti ṣèpalára. Dókítà á ya àwòrán X-ray, ó lè gún un ní abẹ́rẹ́ calcium gluconate bí iṣan bá ń fà, lẹ́yìn náà ó lè fún yín ní oògùn olómi tí ẹ ó máa kán sí i lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú oògùn ìrora.

Nílé, ẹ kó òkúta àti ẹ̀ka igi tó lè gùn kúrò, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, kí àwo omi má jinlẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ iye gíráàmù náà sílẹ̀ fún dókítà. Ìwòsàn lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Egungun lè padà le, àmọ́ èyí tó ti wọ́ kì í sábà tọ́ mọ́, nítorí náà ọmọńlé tí àgbọ̀n rẹ̀ kò bára mu mọ́ á máa nílò ìrẹ̀ kéékèèké tí a ti yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí a sì fi ẹ̀mú gbé sún mọ́ ọn lẹ́nu.