Bẹ́ ẹ ṣe lè dárí ji ọmọ bàbá yín lẹ́yìn ìjà ogún

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tètè fi "ọmọ bàbá kan náà ni yín, ẹ gbàgbé ẹ̀" pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé. Tí ẹ̀gbọ́n bá ta ilẹ̀ bàbá láì pe àwọn àbúrò, ó dunni, ẹ kọ́kọ́ gbà pé ó dùn yín.

Ẹ mú bébà, ẹ kọ nǹkan tó ṣe gan-an síbẹ̀, kì í ṣe ìwà ẹ̀ láti kékeré o. "Ó ń gba rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù méjì, kò fún wa ní kọ́bọ̀" ṣeé yanjú. "Olè ni, bí ìyá ẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn" ò lóògùn.

Ẹ wá béèrè irú pípín tí wọ́n pín ogún náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní bàbá níyàwó méjì, ọ̀kan bí ọmọ kan, èkejì bí márùn-ún: tí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ìpín kan fáwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan yẹn á gba ìdajì, àwọn márùn-ún á jọ pín ìdajì tó kù, àmọ́ tó bá jẹ́ orí-ò-jorí ni, ọgbọọgba ni gbogbo wọn á pín in. Lójú àwọn márùn-ún, ọ̀dájú lẹni tó gba ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìdí-igi ni Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń lọ nígbà yẹn, pàápàá fọwọ́ sí nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole lọ́dún 1962. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá sha, mo kàn ń sọ pé ẹni tẹ́ ẹ ń bínú sí lè má rẹ́ yín jẹ.

Tó bá wá rẹ́ yín jẹ lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ ní kí mọ́gàjí tàbí àbúrò bàbá bá yín pè é. Kì í ṣe WhatsApp ẹbí o, ẹ jọ̀ọ́, voice note ò parí ìjà rí, wọ́n á ti fọ́wàdù ẹ̀ káàkiri kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ sọ nǹkan tó wà nínú bébà yẹn, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kóun náà sọ tiẹ̀, torí ó lè ní òun nìkan lòun san owó ọsibítù bàbá, òun lòun ra màlúù ìsìnkú, kò sẹ́ni tó bi òun léèrè.

Ó lè má bẹ̀bẹ̀ o. Ẹ ṣì lè dárí jì í, kẹ́ ẹ sì gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa wọ àkáǹtì téèyàn méjì ń sáìn sí, kí ìwé ilé wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Nǹkan tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ ni èpè tẹ́ ẹ ń ṣẹ́ fún un lábẹ́lẹ̀ àti ìdùnnú tẹ́ ẹ máa ń ní tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ọjà ẹ̀ ò tà. Inú á ṣì máa bí yín tówó bá há tàbí tẹ́ ẹ bá gba iwájú ilé yẹn kọjá, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn.

Ẹ má sáà rò ó fáwọn ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kí i, kí wọ́n máa lọ jẹran Iléyá lọ́dọ̀ ẹ̀.