Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ gba àṣà Inuit là ní Nunavut

Ìlú àti abúlé 25 ló wà ní Nunavut, ilẹ̀ àwọn Inuit tí í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ apá àríwá Kánádà, kò sì sí títì tó so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá rin irú ìrìn yìí nítorí àṣà, inú rere ló sábà máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n inú rere kò ní kó má ba nǹkan jẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí ó ka ọ̀rọ̀ àgbà sí àlọ́. Ní 1845, John Franklin, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi, kó ọkọ̀ ojú omi méjì, Erebus àti Terror, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú yìnyín àríwá Kánádà. Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́ 129. Kò sẹ́ni tó padà wálé. Ní 1854, John Rae, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, mú ohun tí àwọn Inuit sọ fún un dé London: ebi ló pa àwọn atukọ̀ náà, wọ́n sì jẹ ẹran ara àwọn tó ti kú nínú wọn. Charles Dickens, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbà gbọ́. Nígbà tí wọ́n padà yẹ egungun àwọn atukọ̀ náà wò, àpá ọ̀bẹ wà lára wọn. Àwọn Inuit tún ti sọ agbègbè tí ọkọ̀ kan rì sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Erebus ní 2014, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 160. Ní 2016, Sammy Kogvik, ọdẹ ará ìlú Gjoa Haven ní Nunavut, sọ fún àwọn tó ń wá Terror pé òun ti rí òpó kan tó yọ sókè láàárín yìnyín; wọ́n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i. Ní ìlú kan náà, Louie Kamookak ti fi ọdún tó lé ní 30 ṣa ìtàn jọ lẹ́nu àwọn àgbà. Nítorí náà, bí àgbà bá sọ̀rọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ.

Má mú ohun àtijọ́ tí o bá rí nílẹ̀. Òfin kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ, ibi tí nǹkan sì wà jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀. Ya fọ́tò, sàmì sí ibẹ̀, kí o sọ fún àwọn ará ìlú. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti hú ní Nunavut ló wà ní gúúsù Kánádà, ọmọ tí baba ńlá rẹ̀ gbẹ́ wọn sì ní láti wọ bàálù kí ó tó rí wọn. Ẹni tó mọ̀ pé orí idẹ Ifẹ̀ kan wà ní British Museum yóò mọ bí èyí ṣe ń dunni.

Gbígba ohùn àgbà sílẹ̀ kí a sì gbé e lọ kò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní ìlú Igloolik ní Nunavut, 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Inuktitut, èdè àwọn Inuit, ìlú náà gan-an sì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí o tó tan ẹ̀rọ, ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó ni ohùn náà àti ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà.

Má fipá wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ òbí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò ti gbọdọ̀ sọ èdè wọn. Àwọn kan rí i bí ọlọ́pàá ṣe yìnbọn pa ajá tó ń fa ọkọ̀ wọn lórí yìnyín. 2019 ni ìjọba Kánádà tó tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ajá yìí ní Iqaluit, olú ìlú Nunavut. Bí àgbà bá dákẹ́, pa ìwé rẹ dé. Ẹ jọ mu tíì.

Inú gbọ̀ngàn nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àṣà yìí. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń rán awọ séélì, ẹranko inú òkun kan, orí yìnyín ló sì ti ń mọ yìnyín tó ṣeé tẹ̀. Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, owó epo alùpùpù orí yìnyín àti owó àgbà tó máa kó àwọn ọmọ jáde ni kó ṣáájú owó ayẹyẹ àti pátákó ìpolówó.