Bẹ́ ẹ ṣe lè fi swẹ́tà àlòkù àti àjákù aṣọ ran òwú aláràbarà

Tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sídìí òkìríkà ní Tákíé níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, torí ooru ti dé, kò sẹ́ni tó ń wá swẹ́tà mọ́, iye tẹ́ ẹ bá ná an ni wọ́n á gbà. Àjákù aṣọ ní tiẹ̀ ọ̀fẹ́ ni o, ẹ ṣá sọ fún télọ̀ yín kó máa bá yín kó o sínú àpò kan, ańkárá, gínì, léèsì, gbogbo èyí tí wọn ì bá gbá dànù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí inú swẹ́tà yẹn sóde kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n wífìn etí ẹ̀ bí télọ̀ ṣe ń wífìn aṣọ, a jẹ́ pé wọ́n ti gé òwú ẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń tú u ńṣe lá á kàn máa já mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi òwú kan ṣoṣo so ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pọ̀ ló dáa. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ ṣáná sí i: tó bá ń rùn bí irun tó jóná tó sì ń fọ́ lẹ́búlẹ́bú, irun àgùntàn ni, àmọ́ tó bá yọ́ tó wá le gbandi, ọ̀rá ni. Méjèèjì ṣeé lò, ṣùgbọ́n irun àgùntàn lèmi fẹ́ràn jù torí ó ní ìpẹ́ wínníwínní lára tó fi ń gbá ara ẹ̀ mú.

Ọrùn ni kẹ́ ẹ ti máa tú u, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Ẹ máa ká a sẹ́yìn àga, ẹ so ó díẹ̀díẹ̀ níbi mẹ́rin kó má lọ́ pọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ẹ má fọwọ́ bó o o, ẹ wá sá a kẹ́ ẹ so ìgò omi kékeré mọ́ ìdí ẹ̀ kó lè nà. Èyí ni okùn àárín, òun la máa wé irun mọ́. Swẹ́tà tí ò ṣeé tú, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin méjì ya á títí á fi wú, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ òwú oko tí wọ́n ti gbọ̀n, torí irun kúkúrú nìkan kì í fẹ́ dì mọ́ra.

Ìrànwú táwọn ìyá wa fi ń ran òwú kíjìpá kéré fún iṣẹ́ yìí, òwú tiwa nípọn. Ẹ ki igi tó tó sẹ̀ǹtímítà 30 bọ àárín sídì àtijọ́ méjì, kó le dáadáa, ìrànwú tiwa nìyẹn, ó ti tó.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ wà rèé. Ẹ so okùn àárín mọ́ ìrànwú, ẹ wo apá ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ sí tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa yí i síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń tú, apá òdì lẹ ń yí i sí. Ẹ mú irun tẹ́ ẹ ti yà dání kó dábùú okùn náà, á máa wé mọ́ ọn fúnra ẹ̀. Ẹ ya ańkárá ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 1, kó gùn tó ìka àárín, ẹ ki àárín ẹ̀ sábẹ́ irun kí ẹnu ẹ̀ méjèèjì yọ síta, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ yí ìrànwú lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ fà á wò. Tó bá mì, ẹ tún un ṣe, torí bó ti wù kó rẹwà tó, tí ègé ẹ̀ bá ń jábọ́ ẹni tó rà á ò ní padà wá. Ẹ má kó ègé jọ sójú kan, ẹ jẹ́ kí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín wọn.

Tó bá parí, ẹ mú òwú ìránṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lọ́ òun àti òwú yìí pọ̀ sí apá kejì, kó máa gba orí àwọn ègé yẹn kọjá, òun ló ń tì wọ́n pa. Ẹ tún rẹ ẹ́, ẹ sá a níbòòji.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ahunṣọ òfì lò ó, ẹ sọ fún un pé òwú tó ń gba àárín kọjá ni kó fi ṣe, kó má ta á gbọọrọ sórí òfì, ègé ẹ̀ á há.