Ẹ má fi orúkọ lásán ra òdòdó

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òdòdó ní Kàbà, ìyá kan wá láti Ìsánlú, ó ní lílì funfun ni ọmọ òun fẹ́ gbé dání wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Mo tẹ "lílì funfun, igi 20" ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá mi kó ọjà láti Àbújá, mo sanwó, mo lọ sùn. Páálí dé ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́. Lílì ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, òdòdó ńlá ewé mẹ́fà tó là gbàgà, tí àtíkè rúsúrúsú wà láàárín rẹ̀. Ìyàwó wò ó, ó bú sẹ́kún. Èyí tó rí lórí fóònù rẹ̀ ni ewé funfun kan ṣoṣo tó ká bí ẹnu àrọ, tí ọ̀pá ìyeyè kan nà ró nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwa mẹ́ta. Lílì ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ṣùgbọ́n Lilium ni èyí tí mo rà. Èyí tí ìyàwó fẹ́, tí àwọn olọ́jà ń pè ní calla lily, Zantedeschia ni, láti gúúsù Áfíríkà. Ìbátan kókò ni, kókò tí à ń jẹ yìí gan-an. Ẹ fi ewé rẹ̀ wé ewé kókò, ẹ óò rí i. Mo fi ohun tó wà lọ́wọ́ di bọkéè náà, mi ò sì yọ orí tó ru àtíkè kúrò, torí pé ó rẹwà lójú mi. Kí wọ́n tó ya fọ́tò tán, àtíkè ti kùn ún láyà aṣọ funfun. Tó bá ti bá aṣọ, ẹ má fi omi nù ún. Ẹ fi sẹlotéèpù tẹ̀ ẹ́ gbé kúrò. Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni mo mọ èyí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: kí èèyàn rò pé orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu ọjà ni òdòdó fúnra rẹ̀. Peace lily kì í ṣe lílì, ìdílé kókò lòun náà. Alstroemeria tí wọ́n ń pè ní lílì Peru kì í ṣe lílì. Tuberose kì í ṣe róòsì. Desert rose tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò níwájú ilé kì í ṣe róòsì, Adenium ni, oje rẹ̀ sì ní májèlé, nítorí náà ẹni tó bá gé e kó fọwọ́ dáadáa. Asparagus fern tí a fi ń kún ẹ̀gbẹ́ bọkéè kì í tilẹ̀ ṣe fern.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọjà, ẹ kọ orúkọ ìdí rẹ̀ tó wà ní Látìn, ẹ fi orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀, gígùn igi rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, iye igi. Kí ẹ wá fi fọ́tò sí i. Láti ọdún 1753 tí Carl Linnaeus ará Swídìn ti gbé ìwé rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń fi orúkọ méjì pe ewéko: èkíní ní lẹ́tà ńlá, èkejì ní lẹ́tà kékeré. Orúkọ ẹ̀yà tí ènìyàn fúnra rẹ̀ mú jáde, àmì ẹyọ kọ̀ọ̀kan (' ') ni wọ́n fi ń ká a mọ́. Róòsì funfun kan wà tí gbogbo wa mọ̀ sí Avalanche. 'Lexani' ni orúkọ tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òdòdó kan náà ni. Mo ti rí ẹni tó rà á lọ́wọ́ olùtajà méjì, tó wá ń jà pé èkejì "kì í ṣe ojúlówó".

Ẹ má sì rò pé orúkọ Látìn kì í yí. Àwọn onímọ̀ kó Chrysanthemum tí a ń rà sínú Dendranthema, inú gbogbo olùtajà bàjẹ́, ìgbà tó di 1999 ni wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Òdòdó tí ọjà ṣì ń pè ní Lisianthus, Eustoma ni. Igi gíga tín-ín-rín tí a mọ̀ sí igi eégún, Polyalthia longifolia, ti di Monoon longifolium. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Sansevieria, ìdílé ọ̀já ìkookò tí ọ́fíìsì gbogbo gbé sẹ́nu ọ̀nà: wọ́n ti kó o sínú Dracaena, ó ti di ọmọ ìyá pèrègún. Ọjà kì í tètè gba orúkọ tuntun, nítorí náà mo máa ń kọ ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí pọ̀.

Àwa tó fẹ́ràn èdè wa náà ní àṣìṣe tiwa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́pà tú orúkọ òdòdó baby's breath sí "èémí ọmọdé", ó sì fi béèrè ọjà. Ẹni tó ń tajà bi í bóyá oògùn ni. Gypsophila ni, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Yorùbá tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ká di mú, nítorí ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe: bí ẹ bá já ewé akòko láti fi dí àyè nínú bọkéè ìyàwó, àwọn àgbà yóò bi yín pé ta lẹ fẹ́ fi jòyè.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Gloriosa superba, òdòdó pupa tó ní ìyeyè létí, tí ewé rẹ̀ ká sókè bí iná tó ń jó. Orílẹ̀-èdè òkèèrè ń tà á bí òdòdó gígé olówó iyebíye, lábẹ́ orúkọ Gloriosa lily tàbí rothschildiana, ó sì ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó ọ̀dàn tiwa. Òun náà kì í ṣe lílì. Májèlé kọ́ṣísìn (colchicine) wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, èyí tó wà nínú ìta rẹ̀, ìyẹn iṣu rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, ló burú jù. Ní Sri Lanka, àwọn kan ṣì í jẹ bí kúkúńdùnkún, wọ́n sì kú. Ilẹ̀ iṣu ni ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá lọ já a nínú igbó, ẹ má ṣe hú u, ẹ má ṣe gbé ìta rẹ̀ wálé, ẹ má sì fi òdòdó rẹ̀ ṣe orí àkàrà òyìnbó. Ẹni tó ń ṣe àkàrà kò ní béèrè. "Lílì" ló máa gbọ́.

Orúkọ náà ló ń sọ bí a óò ṣe tọ́jú ọjà. Róòsì fẹ́ òtútù tó sún mọ́ 2 sí 4 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Anthurium àti Heliconia, ọmọ ilẹ̀ olóoru, á dúdú bí ẹ bá kó wọn sínú fíríìjì kan náà. Carnation, ìyẹn Dianthus, kì í fara da gáàsì ethylene tí èso tó ń pọ́n ń tú jáde. Mo ti gba páálí kan láti Lọ́kọ́ja tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rìn nínú búùtù ọkọ̀, láti Ọbájànà títí dé Kàbà. Gbogbo carnation inú rẹ̀ ló ti ká ojú.

Ìyá Ìsánlú yẹn padà wá lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ kejì ló fẹ́ gbéyàwó. Fọ́tò ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Kókò ni mo fẹ́ o, kì í ṣe lílì."